Èbúté Ẹ̀yìn Òkè

"Ìjọba ti fọwọ́ sí èbúté ọkọ̀ ojú omi fún ìlú etíkun yín," ni ọ̀gá tó ti Ìbàdàn wá kà jáde nínú fáìlì.

Baálẹ̀ wo àwọn ará abúlé rẹ̀ tó wà lẹ́bàá Ìpáò, tí òkun jìnnà sí. Láti ìgbà tí ogun Hítílà ti parí ni wọ́n ti ń tọrọ títì, nítorí èjìká ni wọ́n fi ń gbé aláboyún lọ sí ọsibítù n'Ìkọ̀lé. Omi kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ewúrẹ́ ń fò ó kọjá.

"Òkun ulé yèsí?" ni Adébísí ìyàwó rẹ̀ bi í, pé òkun ilé ta ni. Baálẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ̀yìn òkè yẹn ni òkun wa wà. Ṣùgbọ́n báwo ni mọ́tò símẹ́ǹtì yóò ṣe débẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ la títì ná."

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí baálẹ̀ sìn ín dé ìdí kẹ̀kẹ́ tó gùn wá láti Ìkọ̀lé, ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ òkun."

Baálẹ̀ ṣí fìlà láti bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má fòyà. Èmi ni mo kọ yín sí fáìlì etíkun, torí fáìlì ìlú òkè ti kún. Ọmọ Ìpáò ni ìyàwó mi, kò jẹ́ kí n sinmi nítorí títì yìí." Ó gun kẹ̀kẹ́. "Bí wọ́n bá wá wo òkun, ẹ ní ó ti fà."