Ohùn Tó Ń Wọ Yàrá Keje

Gbogbo ilé ìwòsàn náà ló ń pè é ní Wáyà, torí òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ayélujára wọn. Yàrá ẹ̀rọ wà ní àjà òkè. Yàrá keje, níbi tí màmá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an. Àìsàn ti gba ojú Màmá. Etí ló kù, wọ́n sì ń fi í dúró de aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àkọ́bí wọn máa ń pè láti òkè òkun.

Ìpè náà kì í lọ geere.

"Mo ń gbọ́ 'Mà', mi ò gbọ́ 'má'," ni Màmá wí fún Wáyà. "Àbí akólòlò ni mo bí ni?"

Wáyà mọ ohun tó fà á. Ìlà méjì ló ń gbé ọ̀rọ̀ wọlé, tó ń gbé e jáde. Ọ̀kan gba abẹ́ ilẹ̀, èkejì gba òpó tó wà lórí òrùlé. Ti abẹ́ ilẹ̀ yára, àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán egungun ránṣẹ́, á kún fọ́fọ́. Àṣẹ tó wà nínú ráútà, ẹ̀rọ tó ń yan ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ máa gbà, ni pé kí ohun gbogbo máa gba abẹ́ ilẹ̀, àfi tó bá já pátápátá. Kò já. Ó kàn ń wọ́ ni.

Ní ọjọ́ Ajé, ó jókòó, ó kọ àṣẹ tuntun. Kí ráútà ya ọ̀rọ̀ yàrá keje sọ́tọ̀. Kó máa dán ìlà méjèèjì wò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń falẹ̀ tàbí tó ń sọ ọ̀rọ̀ nù, kó kúrò lórí ẹ̀, kó bọ́ sórí èkejì. Kó má sì padà àfi tí ìlà àkọ́kọ́ bá ti dára fún odindi ìṣẹ́jú márùn-ún, kó má baà máa lọ sókè lọ sódò bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ohùn náà mọ́ gaara. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́.

"Ohùn ẹ̀yin méjèèjì ṣì jọra," ni wọ́n wí fún Wáyà. "Nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré, tí ẹ bá kanlẹ̀kùn, mo máa ń béèrè pé èwo nínú yín ni."

Ní ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin kọjá, tẹlifóònù kò dún. Màmá ní kí wọ́n gbé e sún mọ́ òun. Wáyà gòkè lọ wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ní òun ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, pé kí wọ́n fara balẹ̀ di ọ̀la.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin géérégé, tẹlifóònù dún.

Láti ìgbà náà, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń tọ́jú Màmá sọ pé òun ò gbọ́ ìlà tó mọ́ tó báyẹn rí.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ti ń ráyè gbọ́ mi báyìí," ni Màmá wí fún Wáyà. "Tẹ́lẹ̀, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìwọ tó wà nílé yìí gan-an ni o kì í sí lọ́dọ̀ mi ní aago mẹ́rin."

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ìlà, Màmá."

"Ṣọ́ ìlà, ṣọ́ ìlà. Ṣé ìlà ní ẹsẹ̀ tó máa fi sá lọ ni?"

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì àgbà ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Màmá ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù.

"Àbúrò ẹ ló ń ṣe wàhálà kí n lè máa gbọ́ ohùn ẹ," ni wọ́n wí. "Ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Tẹlifóònù dákẹ́. Nọ́ọ̀sì rò pé ìlà ti já.

"Mo máa dúpẹ́, Màmá," ni ohùn náà wí.

"Ìgbà wo lo máa wálé?"

"Kò ní pẹ́ tí a máa ríra."

Màmá kú ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú kan, wọ́ọ́rọ́wọ́, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ Wáyà. Nọ́ọ̀sì àgbà fi aṣọ bò wọ́n, ó sì yíjú sí Wáyà.

"Pẹ̀lẹ́ o, Wáyà. Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́? Ṣé kí n bá ẹ pè é?"

"Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí," ni Wáyà wí. "Ó ti gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú sí òkè òkun láti ọjọ́ Ẹtì yẹn, àtọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e sì ni Wáyà ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ mọ́ra lókè ní aago mẹ́rin, tó ń fi ohùn ara rẹ̀ dá Màmá lóhùn.