Ọpẹ́ Àná

Ká tó gun orí yìnyín gbá họ́kì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rọ tó ń gba ẹgbẹ́ wa nímọ̀ràn a máa sọ̀rọ̀ sí wa létí. Ní sáà yìí, ohun kan náà ló ń wí: "Ẹ fìdí rẹmi lónìí." Ẹgbẹ́ họ́kì tó bá gbẹ́yìn ni òfin ní kó kọ́kọ́ ṣa ọ̀dọ́ tuntun tó dáńgájíá jù fún sáà tó ń bọ̀. Èmi aṣọ́lé, mò ń jẹ́ kí rọ́bà pẹlẹbẹ tá à ń gbá wọlé.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Ọ̀ṣúnlékè tó máa ń jókòó sẹ́yìn ilé góòlù mi wòran, tó fi òfì bora nítorí òtútù, á ṣí fìlà fún wa lẹ́nu ọ̀nà pápá: "Ẹ ṣé àná o, ẹ̀yin ọmọ mi." Ojú á tì mí, màá sáré kọjá wọlé.

Lánàá, mo yọ ẹ̀rọ náà létí. Kóòṣì wa, Ọláníkẹ̀ẹ́, rí mi.

"Ṣé o mọ ohun tó máa bọ́ lọ́wọ́ wa?"

"Mo mọ̀, mà."

Òun náà yọ tiẹ̀ létí.

A borí pẹ̀lú ẹyọ góòlù kan.

Láàárọ̀ yìí, Bàbá dé. Ariwo àná ti jẹ́ kí ohùn wọn há. "Ẹ ṣé àná o."

Mo kúnlẹ̀. "Àwa la dúpẹ́, Bàbá. Ẹ ṣé gbogbo àná tẹ́ ẹ fi ń wá wò wá."