Àwọn Ẹja Ajẹyanrìn Ràzákì Aránṣọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìlàjì kí ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ kà á délẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí etí rẹ̀ le.

1.
Ràzákì ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lójú títì Adja-Ouèrè. Láti Massè títí dé Kpoulou, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọkọ ìyàwó ń gbé aṣọ wá, torí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í gbọ̀n lórí aṣọ. Ọwọ́ yẹn ló fi kọ́lé, òun ló fi ń bọ́ Sọ̀fíyátù ìyàwó rẹ̀ àti Fàtímátù ọmọ wọn. Àmọ́ ìgbéraga! Ọjọ́ tí Sàlámì, aránṣọ òdìkejì títì, gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ ògiri, Ràzákì ò lè jẹun. Ó ra àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja ọ̀ṣọ́, èyí tí kò tóbi tí kò sì kéré, ó wá gba Àjàṣẹ́ lọ láti ra ẹja.

2.
Victorine tó ń ta ẹja níbẹ̀ kì í tan oníbàárà jẹ. Ó mú un dé iwájú àwọn ẹja ajẹyanrìn. Wọ́n ń bu yanrìn sẹ́nu, wọ́n ń ṣa oúnjẹ inú rẹ̀ jẹ, wọ́n sì ń tu ìyókù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn.

"Fofo Ràzákì, ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni gíláàsì yín ṣe gùn tó?"

Ràzákì na apá méjèèjì, kò nà wọ́n tán.

"Ẹ mú márùn-ún nínú àwọn kékeré yìí, tí kì í gùn ju ọwọ́ èèyàn lọ. Oníwà tútù ni wọ́n. Yanrìn kíkúnná ni kẹ́ ẹ dà sí i o, kì í ṣe òkúta wẹ́wẹ́ tó máa gé wọn lẹ́nu."

Ràzákì ò tiẹ̀ wo àwọn kékeré. Àwọn ńlá tí iwájú orí wọn pupa, tó yọ gọngọ, ló wọ̀ ọ́ lójú.

"Tantí, àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́. Méjìlá."

"Hàà! Akọ méjì irú èyí ò lè gbé inú gíláàsì yín, wọ́n á pa ara wọn. Wọ́n sì ń gbẹ́ ilẹ̀ gan-an!"

"Nínú kòtò ẹja bàbá mi ní Kpoulou, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi fà, igba ẹja ló ń gun orí ara wọn. Mi ò rí èyí tó pa èkejì rí."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ó gbàgbé pé ọbẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹja inú kòtò yẹn lọ sí.

3.
Ó kó méjìlá náà sínú gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ìjà bẹ́. Akọ méjì tó tóbi jù fi ẹnu gbá ara wọn mú, wọ́n ń wọ́ ara wọn láti igun kan dé èkejì, ìpẹ́ ń ṣí, ẹran ń ya. Wọ́n há abo kan mọ́ kọ̀rọ̀, wọ́n yọ ojú rẹ̀ méjèèjì kó tó kú. Nígbà tó máa di Jímọ̀, mẹ́fà ti kú, omi sì pọ́n bí omi ìṣanwọ́ alápatà.

Sàlámì yọjú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ràzákì, ṣé ṣọ́ọ̀bù rèé ni àbí ilé ìpẹran?"

"Bàbá Fàtí," Sọ̀fíyátù bẹ̀ ẹ́, "ẹ dá wọn padà, kẹ́ ẹ gba àwọn kékeré."

"Kí Sàlámì lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Láéláé!"

4.
Ó ní òun á pààlà sáàárín wọn. Ó wọ ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọlọ tí Sọ̀fíyátù fi ń lọ ata. Obìnrin náà dì í mú.

"Ọlọ ìyá mi nìyẹn!"

Ó tì í dànù. Ẹ̀yìn orí Sọ̀fíyátù lu ògiri, ẹ̀jẹ̀ jáde, Ràzákì ò sì bojú wẹ̀yìn. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí ibẹ̀ yẹn! Ó gbé ọlọ náà nà ró lórí yanrìn inú omi, akọ kan lọ́tùn-ún, akọ kan lósì.

"Ó parí," ló wí.

Kò parí. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn ẹja méjèèjì fi ń bu yanrìn kúrò lábẹ́ ọlọ, kí ẹnu wọn lè tẹ ara wọn.

5.
Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Ràzákì ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú omi láti yọ òkú ẹja kan. Ọlọ yẹ̀. Ó wó lu gíláàsì, gbàù! Àfọ́kù gíláàsì kan tó gùn bí ọ̀bẹ ya á láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde, ó ń ké, ó ń yí nínú omi. Lórí ilẹ̀ níbẹ̀, àwọn akọ méjèèjì ń ta pàpà, wọ́n ṣì ń ge ara wọn jẹ. Sàlámì ló sáré kọjá títì, tó fi aṣọ di apá rẹ̀, tó sì gbé e sórí ọ̀kadà lọ sí ọsibítù.

"A ti rán an," ni dókítà wí, "àmọ́ iṣan ti já. Àwọn ìka yìí ò ní ká mọ́."

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, Fàtímátù gbé aṣọ rẹ̀ wá. "Bàbá, ẹ bá mi gé e."

Ràzákì mú àlùmọ́gàjí, ó já bọ́. Ó tún mú un, ó tún já bọ́. Sọ̀fíyátù, tí àpá ṣì wà lórí rẹ̀, gba aṣọ náà, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sọdá lọ bá Sàlámì. Ràzákì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wò wọ́n, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣọ́ra! Tí gíláàsì yín bá mọ níwọ̀n, ẹja kékeré oníwà tútù ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má gbé òkúta lé orí yanrìn fún ẹja tó ń gbẹ́lẹ̀. Tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má sì na ọwọ́ sí ìyàwó yín nítorí ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fáàrí fáráyé. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ lónìí, kí ọwọ́ ẹlòmíràn má baà lọ sí i.