Igi Tí Wọ́n Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Ilẹ̀ ti ṣú kí ẹni tí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán tó dé. Adékànmbí àti Mopélọ́lá, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, jókòó sínú mọ́tò tí iwájú rẹ̀ ti wó, lójú ọ̀nà oko tí wọ́n ní àwọn ti kọlu igi. Àfi bí ọkùnrin kan ṣe yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fáìlì. Wọn ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá.

"Ẹ kú alẹ́ o, ọkọ ìyàwó. Kí lẹ kọlù?"

"Igi ni, ọ̀gá mi."

Gbàmù! Ohun tí ojú ò rí gbá ilẹ̀kùn wọ inú. Gíláàsì fọ́ dà sí wọn lára.

"Mo tún bi yín."

"Igi ni mo wí! Ṣé adití ni yín ni?"

Gbàmù! Òrùlé mọ́tò wó lé Adékànmbí lórí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú.

"Olówó orí mi!" Mopélọ́lá figbe ta. "Yóò pa ọ́ o!"

"Èèyàn ni!" Adékànmbí ké. "Èèyàn ni mo pa, mo sì sá! Ìnṣọ́ránsì mi ti parí nígbà yẹn. Ìgbà tí mo san tuntun ni mo tó parọ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀!"

Kò sí gbàmù mọ́. Ọkùnrin náà rọra kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá yí tọ́ọ̀ṣì sójú Mopélọ́lá.

"Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà bí ẹlẹ́rìí. Kí lẹ rí?"

Adékànmbí na ọwọ́ sí i láti kìlọ̀ fún un. Mopélọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, bí ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n.

"Igi ni," ó wí.

Tọ́ọ̀ṣì kú.