Fọ́máànù Ọjọ́ Kan

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òógùn ojú yín jẹun, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

1.
Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Apá-Irin wà ní èbúté. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa já ẹrù nínú ọkọ̀ òkun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé àpò tó bá wúwo jù, tí Apá-Irin bá ti wò ó lójú, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ilé kejì sí tirẹ̀ ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Àbúrò yìí ò bá baba rẹ̀ láyé. Apá-Irin ló fi ṣe baba. Òun ló mú un wọ iṣẹ́ èbúté, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ẹrù. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, ìyàwó àbúrò náà wà nínú oyún.

2.
Wáyà kireni tó ń gbé ẹrù sókè ti ń já ní fọ́nrán-fọ́nrán. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń rí i. Alága ẹgbẹ́ wọn, bàbá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Pẹ̀lẹ́ nítorí pé kì í pariwo, ti lọ bá máníjà títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Máníjà ní wáyà ṣì lágbára. Ni Bàbá Pẹ̀lẹ́ bá kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ síwájú géètì.

“Ẹ jẹ́ ká jókòó,” ló wí. “A ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ wáyà la máa dìde. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kankan má dá wọlé nínú wa.”

Wọ́n jókòó. Oòrùn pa wọ́n, òjò pa wọ́n. Ọkọ̀ dúró sójú omi, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Nílé, ìkòkò ń fúyẹ́ sí i, síbẹ̀ wọn ò dìde.

3.
Máníjà ránṣẹ́ pe Apá-Irin sí ọ́fíìsì. Ó fún un ní àga, ó fún un ní omi tútù.

“Ìwọ ni mo mọ̀ pé wọ́n ń bẹ̀rù,” ni máníjà wí. “Kí ló dé tó jẹ́ arúgbó tí ò lè gbé àpò kan mọ́ ló ń gbẹnu sọ fún ẹ?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Apá-Irin lákínyẹmí ara.

“Kó èèyàn díẹ̀ wọlé lọ́la, kí ẹ já ẹrù yìí. Láti ọ̀la, ìwọ ni fọ́máànù.” Ó gbé akoto funfun tí àwọn fọ́máànù ń dé ka orí tábìlì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, akoto lásán ni o. Ike ni.

4.
“Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti pààrọ̀ wáyà náà ni?” Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí Apá-Irin délé tó ní kó bá òun wọlé lọ́la.

“Wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀ tí a bá já ẹrù yìí tán.”

“Bàbá Pẹ̀lẹ́ ńkọ́? Kí la máa sọ fún wọn?”

“Ṣé Bàbá Pẹ̀lẹ́ ló ń bọ́ ẹ ni? Ọmọ ń bọ̀ lọ́nà. Ṣé ìjókòó lo fẹ́ fi tọ́ ọ?”

Ìyàwó Apá-Irin ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó dúró sílé. Ẹ̀yin ẹ máa lọ.”

“Tí ará ilé mi ò bá tẹ̀ lé mi, ta ló máa tẹ̀ lé mi?”

Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Àǹtí mi. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ò ní sọ mí nù.”

5.
Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà wọlé láàárọ̀, bí olè. Máníjà ti wá awakọ̀ kireni láti ibòmíì. Nígbà tí àwọn tó wà níwájú gbọ́ tí kireni ń dún, Bàbá Pẹ̀lẹ́ di irin géètì mú.

“Apá-Irin, jọ̀ọ́. Kó wọn jáde.”

Ó gbọ́ ọ. Ó tún akoto rẹ̀ ṣe, ó sì kọ ẹ̀yìn sí bàbá náà.

Irin ilé kíkọ́ ni kireni gbé sókè. Wáyà náà ò dún bí àrá nígbà tó já. Ó kàn ta bí ìgbà tí okùn aṣọ bá já. Gbogbo irin náà dà lé àbúrò ìyàwó rẹ̀ níbi tó dúró sí.

Apá-Irin fi ọwọ́ lásán fa irin náà. Kò mì. Àwọn tó wà níta fo géètì wọlé, àwọn tí Apá-Irin dalẹ̀ gan-an, wọ́n sì bá a gbé e. Ẹ̀mí ṣì wà lára ọkùnrin náà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi wá síbí.”

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

6.
“Ta ló kó wọn wọlé?” ni máníjà ń bi àwọn èèyàn. “Èmi ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Òun ni fọ́máànù, ẹ bi í.” Kí oòrùn tó wọ̀, ilé iṣẹ́ ti lé Apá-Irin kúrò níṣẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ opó ò kan àwọn.

Inú bí àwọn kan nínú ẹgbẹ́. “Wọ́n fi wá sílẹ̀, ká fi wọ́n sílẹ̀.”

Bàbá Pẹ̀lẹ́ mi orí. “Òkú ò ṣẹ̀ wá. Ọmọ inú oyún ò sì mọ géètì kankan.”

Wọ́n tún jókòó, títí ilé iṣẹ́ fi pààrọ̀ wáyà, tó sì gbà láti máa gbọ́ bùkátà opó àti ọmọ rẹ̀. Apá-Irin wá bá wọn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e, kò sì sẹ́ni tó sún fún un.

Ìyàwó rẹ̀ di ẹrù rẹ̀, ó kó lọ sọ́dọ̀ opó náà. Kò pariwo.

“Mi ò bá yín jà,” ló wí. “Mi ò kàn lè máa bá ọwọ́ tó fa àbúrò mi wọ ibẹ̀ jẹun nínú àwo kan.”

Opó náà ti bí. Láti yàrá rẹ̀, Apá-Irin ń gbọ́ ẹkún ọmọ náà. Kò lè kọjá lọ gbé e.

Ìwọ tó ń kà á, tí ọ̀gá bá pè ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń yìn ọ́, tó ní o ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ lọ, bi ara rẹ pé ta ló máa dúró sábẹ́ ẹrù náà. Má fi ẹgbẹ́ rẹ gba oyè. Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀ọ́n.