Iṣẹ́ Àṣetiléwá Nàfísátù

Tí Nàfísátù bá ti iléèwé dé, tó jẹun tán, iṣẹ́ àṣetiléwá ló kàn. Yóò fa abala bébà kan yọ nínú báàgì, yóò tẹ́ ẹ sórí àga tí Ramlah, ìyá rẹ̀, fi ń dirun fún àwọn oníbàárà, yóò sì gbé pẹ́ńsù lé e. Ibẹ̀ ni àyà Ramlah ti máa ń já.

Onídìrí ni Ramlah, ní Agbowó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Bí wọ́n bá na fóònù sí i pé kó ka irú irun tí àwọn fẹ́, á ní ojú ń dun òun, kí wọ́n kà á fún òun. Ọkọ rẹ̀, Surajudeen, ń wa mọ́tò láti Challenge lọ sí Èkó, kì í sábà sùn sílé. Òun àti ọmọ nìkan ló ń kojú bébà náà.

"Àǹtí wa ní kí òbí kọ́kọ́ ṣe é," Nàfísátù ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "kí ọmọ tó wá ṣe tiẹ̀."

Ramlah ò rí irú èyí rí, ṣùgbọ́n ta ni yóò bi? Kì í dé ìpàdé òbí. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ gbé ìwé lé e lọ́wọ́ pé kó kà á sétí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn. Ó ti lọ kíláàsì àwọn àgbà rí nírọ̀lẹ́, Nàfísátù ṣì kéré nígbà náà, ó ń mú un dání lọ. Lọ́jọ́ kan olùkọ́ ní kó dìde kàwé. Ó ń ṣe kólòlò bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Nàfísátù ò rẹ́rìn-ín. Ramlah ò padà síbẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kọ ọ́. Bí bébà bá ní kí wọ́n kọ orúkọ nǹkan ilé ìdáná, á kọ ìkòkò, á kọ ọbẹ. Ọmọ náà kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Á jókòó tì í, á máa jẹ gúgúrú. Tó bá parí, á ká bébà náà sínú báàgì. Lọ́jọ́ kejì bébà á padà, bírò pupa á ti fà á káàkiri.

"Àǹtí ò bínú," Nàfísátù á wí. "Wọ́n ní ká tún èyí tá a ṣì ṣe."

"Ṣé wọn ò nà ẹ́?"

"Wọn ò nà mí, Mọ́mì."

Ramlah ò gbà á gbọ́. Ó rò pé ọmọ náà ń bo òun láṣìírí ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọgbọ́n bi àwọn oníbàárà rẹ̀ léèrè, pé kí tilẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe, ọmọ yìí ń da òun láàmú. Wọ́n á sọ fún un, òun náà á máa wí i sínú bó ṣe ń fi ìyarun la orí wọn. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ tóun bá ṣì kọ lónìí, iṣẹ́ ọ̀la á tún mú irú rẹ̀ wá. Ó ní olùkọ́ yìí mọ iṣẹ́. Àní lọ́jọ́ Iléyá, iṣẹ́ wà. Ìlà pupa ń dín kù, ṣùgbọ́n kò tán.

Nígbà tí ìdánwò ìparí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìyá Ṣàmsúdéènì tí wọ́n jọ ń gbélé sọ fún un pé iléèwé tí ọmọ tòun ń lọ ti ní kó tún kíláàsì jókòó. Iṣẹ́ àṣetiléwá ló kó bá a.

"Àwa ìyá náà la fà á," obìnrin náà wí. "Kí lọmọ fẹ́ bá nílé?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ramlah sọ fún Nàfísátù pé òun ń bọ̀ wá rí Àǹtí wọn. Ojú ọmọ náà yí padà.

"Mọ́mì, ẹ má wá."

"Kí ló dé?"

"Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ ọ́ fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́."

Ramlah wojú ilẹ̀. Ó rò pé ó ti yé òun. Ọmọ tóun bí ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ ìyá rẹ̀. Kò bá a wí.

Síbẹ̀, ó lọ. Ó wọ híjáàbù tó fi ń lọ kírun Jímọ̀, ó sì dúró títí àwọn ọmọ fi jáde lọ ṣeré. Àǹtí Túnráyọ̀, olùkọ́ wọn, ò dàgbà ju àwọn tí Ramlah ń dirun fún lọ. Ó gbé àga fún un. Ramlah ò jókòó. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, olùkọ́ yára dì í mú.

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi tún kíláàsì," ó wí. "Kì í ṣe òun ló ń kùnà asáínmẹ́ǹtì. Èmi ni. Mi ò kàwé. Gbogbo èyí tí ẹ̀ ń fi bírò pupa fà, ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Ẹ má fi ìyà tèmi jẹ ẹ́."

Àǹtí Túnráyọ̀ wo ojú fèrèsé, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fo okùn, kó tó yíjú padà sí i.

"A kì í fún ọmọ kankan ní asáínmẹ́ǹtì níléèwé yìí, Mọ́mì," ó wí jẹ́jẹ́, "Nàfísátù ló kàn máa ń dúró lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti lọ, kó lè bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹni tójú ń tì níwèé."