Ẹlẹ́rìí Kejì fún Agbédò

Ìyá Àgbà gbàdúrà tán kí n tó ṣí kíláàsì Ìtàn sára ògiri. Ojú àwa ogójì yọ, kálukú láti ilé tirẹ̀. Olùkọ́, tí kì í ṣe ènìyàn, kí wa, ó ní:

"Ìlú tí kò bá ní ẹlẹ́rìí méjì láàyè yóò kúrò nínú ìwé ìtàn lónìí. Ó kan Agbédò."

Ìlú Ìyá Àgbà nìyẹn. Ó ti pé ọgọ́ta ọdún tí òkun ti bò ó.

"Èmi rèé," ni wọ́n wí. "Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ó ku ẹnì kan."

Mo wo ojú kálukú lórí ògiri, mo ń wá ẹni tó máa na ọwọ́.

"Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà," ni mo wí.

"Ta ló ń bínú? Dákẹ́ jẹ́ẹ́." Wọ́n gbé oríkì ìlú wọn sókè: "Agbédò, ọmọ afẹja-tọrẹ…"

Lórí ògiri, ní ẹ̀yìn Gbọ́láhàn, ọmọ kíláàsì wa tó wà ní Àkúrẹ́, bàbá-bàbá rẹ̀ gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀, ó sì gbè é: "Ọmọ afọkọ̀-lọ-kí-àna!"

"Ẹlẹ́rìí ti pé," ni Olùkọ́ wí. "Agbédò dúró."

Ìyá Àgbà sún mọ́ ògiri. "Ọmọ ilé ta ni yín? Ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ ilé àwọn tó ń jí ẹja wa."

"Ẹja yín dùn púpọ̀, Ìyá."

"Olúwa, o ṣeun! Olùkọ́, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."